Àga Tí Bàbá Mi Ń Dọ̀bálẹ̀ Fún

Bàbá mi máa ń dọ̀bálẹ̀ fún àga òfìfo. Ẹ má rò pé òwe ni mo ń pa. Bàbá mi tí àwọn dókítà kárí ilẹ̀ yìí ń pè ní bàbá wọn, tí fọ́tò rẹ̀ wà lára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn, òun ni yóò jáde láti yàrá rẹ̀ láàárọ̀ ní ilé wa ní Bodija, tí yóò máa fi ọwọ́ tọ ògiri títí dé pálọ̀, tí yóò sì na gbogbo ara rẹ̀ sílẹ̀ lórí táìlì tútù níwájú àga onígi kan tí ẹnikẹ́ni kì í jókòó sí. "Ẹ káàárọ̀, sà. Ṣé dáadáa lẹ jí?" Á dákẹ́ díẹ̀, bí ẹni tó ń gbọ́ èsì. Lẹ́yìn náà ni yóò máa wá bí yóò ṣe dìde, èmi ni mo sì máa ń fà á dìde.

Lákọ̀ọ́kọ́, mo ní ọjọ́ ogbó ló dé. Mo ní ṣọ́ọ̀bù oògùn ní Ring Road, mo ti rí àgbàlagbà tó ń pe ọmọ rẹ̀ ní ìyá rẹ̀, mo sì ti rí èyí tó ń wá ilé tó ti wó tipẹ́. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ṣe orí bàbá mi. Bí mo bá dárúkọ oògùn tí mo tà lọ́jọ́ náà, á sọ èyí tí kò yẹ kí n jẹ́ kí aláboyún rà. Á bá mi jiyàn lórí ìròyìn. Á ní ọbẹ̀ mi níyọ̀ jù, òótọ́ ló sì máa ń sọ. Àárọ̀ nìkan, níwájú àga yẹn nìkan, ló máa ń di ọmọdé. Ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. Ká ní orí rẹ̀ ló dàrú ni, ǹ bá mọ ohun tí màá ṣe.

Mo bi í. Mo lẹ́nu, gbogbo Ring Road ló mọ̀. Mo ní, "Dádì, ta lẹ ń kí?" Ó ní àgbà ni. Mo ní àgbà wo, ó ní kí n bá òun wá ọ̀pá òun.

Mo wá jókòó, mo rò ó. Ta ló kù láyé yìí tó ju bàbá mi lọ tí yóò máa na ara fún? Mo ní á jẹ́ pé àwọn olùkọ́ rẹ̀ ni. Bàbá mi wà lára àwọn tó kọ́kọ́ kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní Ìbàdàn níbí, nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ náà kò tíì ní ju ilé díẹ̀ láàárín koríko lọ. Ìtàn àwọn olùkọ́ yẹn la fi dàgbà: òyìnbó kan tó máa ń di ojú bó bá ń fetí sí àyà aláìsàn, tí yóò ti mọ àrùn náà kó tó lajú; oníṣẹ́ abẹ kan tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ wa, tí aṣọ rẹ̀ kì í rún títí ilẹ̀ yóò fi ṣú; dókítà obìnrin kan tó ń tọ́jú àwọn ọmọdé, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọkùnrin máa ń sá pamọ́ bí wọ́n bá gbúròó bàtà rẹ̀. Gbogbo wọn ti lọ. Mo ní ọ̀kan nínú wọn ló wá jókòó sí pálọ̀ wa. Láti ọjọ́ tí mo ti rò bẹ́ẹ̀, ẹ̀yìnkùlé ni mo ń gbà wọlé tí mo bá ti ṣọ́ọ̀bù dé, mi ò sì jẹ́ kí ìgbálẹ̀ mi kan ẹsẹ̀ àga yẹn.

Nígbà tó yá, ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn fẹ́ kọ ìwé ńlá kan nípa ìtàn ara rẹ̀ àti àwọn dókítà tó sọ ọ́ di ohun tó dà. Wọ́n rán èèyàn wá bá bàbá mi. Ẹni tó ṣáájú wọn ti jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ rí, òun náà ti di ọ̀jọ̀gbọ́n, ikùn ti yọ. Wọ́n kó fọ́tò àwọn olùkọ́ àtijọ́ dání, wọ́n ti sọ wọ́n di ńlá kí ojú bàbá lè ká wọn. Inú mi dùn. Mo ní ọ̀nà là lónìí. Kí àwọn àlejò tó fìdí kalẹ̀, mo ti gbé fọ́tò òyìnbó tó máa ń dijú lé orí àga náà, mo sì ń wo ojú bàbá mi.

"Gbé e kúrò," ó ní.

Mo gbé oníṣẹ́ abẹ sí i. Ó ní kí n gbé ìyẹn náà kúrò. Nígbà tí mo gbé dókítà obìnrin síbẹ̀, inú bí i. "Gbogbo àwọn yẹn ló ti níbi tí wọ́n jókòó sí. Kí ló dé tí o fẹ́ gba ìjókòó lọ́wọ́ ẹni tí kò ní?" Àwọn àlejò rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé ẹ̀fẹ̀ àgbà ni. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Ọ̀jọ̀gbọ́n oníkùn gbé ẹ̀rọ tó fi ń gba ohùn sílẹ̀ sórí tábìlì, ó wá béèrè ohun tó gbé wọn wá gan-an. Àṣà kan wà nílé ẹ̀kọ́ wọn tó jẹ́ pé bàbá mi ló dá a sílẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan aláìsàn kó tó béèrè orúkọ rẹ̀, ìlú rẹ̀ àti ọmọ ẹni tó jẹ́. Bí aláìsàn ò bá lè sọ̀rọ̀ mọ́, kí wọ́n wá ẹni tó mọ̀ ọ́n. Bàbá mi a máa lé akẹ́kọ̀ọ́ jáde ní wọ́ọ̀dù nítorí èyí. Wọ́n máa ń sín in jẹ nígbà náà, wọ́n á ranjú mọ́ ara wọn, wọ́n á ní, "Ọmọ ta ni yín?" Ṣùgbọ́n àwọn tó ń sín in jẹ náà ló ń fi kọ́ àwọn tiwọn báyìí. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní, "Sà, ọwọ́ ta lẹ ti kọ́ ọ?"

Bàbá mi wo àga náà. "Ọwọ́ olùkọ́ mi àkọ́kọ́ ni."

"Èwo nínú àwọn tó wà nínú fọ́tò yìí, sà?"

"Wọn ò ní fọ́tò."

Nígbà tí àwọn àlejò lọ tán, mo ti ilẹ̀kùn pálọ̀, mo dúró níwájú bàbá mi. Mo ní, "Dádì, lónìí ẹ ó sọ fún mi, àbí kí n gbé àga yìí lọ fi dáná." Bàbá mi mọ̀ mí. Ó mọ̀ pé màá fi dáná lóòótọ́. Ó ní kí n ṣí kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì tó wà lẹ́yìn àga náà, níbi tí a to gbogbo àmì ẹ̀yẹ rẹ̀ sí, kí n gbé agolo tó wà lẹ́yìn wọn wá.

Mo mọ agolo náà. Agolo sìgá àtijọ́ ni, ó rí roboto, wọ́n fi pílásítà wé ọmọrí rẹ̀ mọ́ ọn. Láti kékeré ni wọ́n ti kìlọ̀ fún wa pé a ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, a sì gbà pé oró ni. Nígbà tí a kó kúrò ní kọ́tà àwọn dókítà wá sí Bodija, ọkọ̀ akẹ́rù ló kó gbogbo ẹrù, ṣùgbọ́n orí itan bàbá mi ni agolo náà jókòó sí títí a fi délé. Ìyá mi fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi kú. Ó ní orogún òun nìyẹn.

Kí ẹ tó lè mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ẹ ní láti mọ èèyàn méjì kan nílé wa, ní ìlú wa lókè lọ́hùn-ún. Bàbá bàbá mi ní àbúrò ọkùnrin kan. Nígbà tí bàbá mi ṣì kéré, ọkùnrin náà dìde, ó ní òun ń lọ wáṣẹ́ ní Ìbàdàn, bí òun bá ti rí ibi dúró sí, òun á wá mú ìyàwó òun. A ò gbúròó rẹ̀ mọ́. Èrò Ìbàdàn ni gbogbo agboolé ń pè é. Ìyàwó rẹ̀ ni èkejì. Kò ṣọ̀fọ̀, nítorí kò sẹ́ni tó sọ pé ọkọ rẹ̀ kú. Kò sì sẹ́ni tó lè ṣú u lópó, nítorí a kì í ṣú opó ẹni tó wà láàyè. Ẹnu-ọ̀nà ló jókòó sí, tó kọjú sí títì. Èmi náà bá a níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá mú wa lọ sílé fún ọdún. Ìyá Ẹnu-ọ̀nà ni àwa ọmọdé ń pè é. Bí ọkọ̀ bá dúró, á gbé orí sókè. Bí kì í bá ṣe òun, á gbé orí sílẹ̀. Ibẹ̀ ló kú sí.

Bàbá mi wá sọ fún mi pé ní ọdún tí wọ́n kọ́kọ́ kó àwọn wọ yàrá tí wọ́n ti ń la òkú láti fi kọ́ṣẹ́, òkú tí kò lẹ́ni ni wọ́n máa ń lò: ẹni tó ṣubú ní gáréèjì tàbí lẹ́bàá ọ̀nà, tí wọ́n gbé dé ọsibítù, tó kú, tí ẹnikẹ́ni ò wá béèrè. Wọ́n pín òkú kọ̀ọ̀kan fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ká aṣọ kúrò lójú tiwọn. Ilà ló kọ́kọ́ rí: àbàjà, pẹ̀lú ìlà kékeré kan lábẹ́ ojú òsì tó jẹ́ pé agboolé tiwa nìkan ló máa ń fi kún un. Ilà kan náà ló wà lójú òun tó ń wò ó. Ó wo ọwọ́ òsì. Ọmọńdinrín ìka ọwọ́ náà ká wọnú. Irú ìka yẹn wà nílé wa. Bàbá mi ní in. Tèmi náà rèé tí mo fi tẹ ìwé yìí mọ́lẹ̀ bí mo ti ń kọ ọ́.

"Orí ọrùn wọn ni mo máa ń gùn lọ sóko," bàbá mi ní. "Etí wọn ni mo máa ń dì mú."

Mo ní, "Ẹ ò wá sọ fún ẹnikẹ́ni?"

Báwo ni yóò ṣe sọ ọ́? Òun ni ẹni àkọ́kọ́ ní ìlú wa tó kàwé débẹ̀, gbogbo ìlú ló ti í lẹ́yìn. Ṣé kó wọkọ̀ lọ sílé lọ sọ fún bàbá rẹ̀ pé mo ti rí àbúrò yín, orí tábìlì ló wà, ọ̀bẹ ń bẹ lọ́wọ́ mi? Wọ́n á ní ó ti fi àbúrò bàbá rẹ̀ ṣe oògùn. Wọ́n á ní ẹ̀jẹ̀ wọn ló fi gba ìwé. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí àwọn èèyàn wa máa ń sọ. Ó ní kí òun kọ́kọ́ jáde ná. Nígbà tó jáde, bàbá rẹ̀ ń ṣàìsàn, ó ní kí ara wọn yá ná. Ara ò yá. Ọ̀rọ̀ tí a ò bá sọ lọ́jọ́ tó yẹ, ṣe ló máa ń wúwo sí i.

Ó bẹ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n fi apá òsì sílẹ̀ fún òun nìkan. Wọ́n rò pé ìwé ló ń pa á. Ó sọ fún mi pé, "Mi ò fẹ́ kí àjèjì gé wọn ni." Kí ọ̀bẹ rẹ̀ tó kan ara, ó ti gé díẹ̀ nínú irun, ó sì gé èékánná. Ohun tí a máa ń ṣe fún ẹni tó bá kú sí ìdálẹ̀ ni, tí òkú rẹ̀ ò bá ṣeé gbé wálé: a ó gé irun àti èékánná, a ó kó o wálé, a ó sin ín bí ẹni sin gbogbo ara. Ó ṣe ìdajì àṣà náà nínú yàrá yẹn. Ìdajì tó kù ló wà nínú agolo, ní pálọ̀ wa, láti ìgbà tí a kò tíì bí mi.

Inú bí mi sí bàbá mi lọ́jọ́ náà bí kò ṣe bí mi rí. Kì í ṣe nítorí ọ̀bẹ. Mo ní, "Ìyá Ẹnu-ọ̀nà ńkọ́?"

"Ìyá yẹn ni mo ń sá fún tí n kì í fi í pẹ́ nílé." Lóòótọ́ ni. Ilẹ̀ kì í ṣú wa nílé. Iṣẹ́ ọsibítù ló máa ń sọ pé ó ń pe òun.

Mo ní, "Ṣé ó dá yín lójú pé àwọn ni?"

"Ó dá mi lójú." Ó gbójú kúrò lára mi. "Ó dá mi lójú tó."

Apòògùn ni mí. Mo mọ̀ pé lóde òní, àyẹ̀wò kan wà tí wọ́n lè fi èékánná ṣe, tí yóò sọ bóyá ẹbí ẹni ni. Bàbá mi náà mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Kò dárúkọ rẹ̀, èmi náà ò dárúkọ rẹ̀.

Ohun tó fẹ́ ò pọ̀. Ó di apá mi mú. "Má jẹ́ kí n ṣáájú wọn délé. Bí mo bá débẹ̀ tí wọn ò tíì dé, bàbá mi á bi mí, kí ni màá wí?" Ìdí nìyẹn tó fi ń dọ̀bálẹ̀ láràárọ̀. Ẹ̀bẹ̀ ló ń bẹ̀ pé kí wọ́n ní sùúrù fún òun.

Ẹnì kan ṣoṣo ló lè gbé wọn lọ sílé. Bàbá mi ní àbúrò kan tí a ń pè ní Díákónì nítorí ipò rẹ̀ ní ìjọ Onítẹ̀bọmi, òun ni olórí ẹbí wa báyìí. Ṣùgbọ́n ìyá wọn kú nígbà tí Díákónì ṣì wà lọ́mú, Ìyá Ẹnu-ọ̀nà ló sì wò ó dàgbà. Ìyá ló ń pè é. Ẹ ò rí i pé iṣẹ́ ńlá ni.

Mo pè é pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fẹ́ rí i. Mo lọ pàdé rẹ̀ ní gáréèjì Ojoo, ó sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú iṣu, inú rẹ̀ ń dùn. Títí a fi kọjá Agbowo, ó ń sọ fún mi bí òun ṣe fi ẹ̀gbọ́n òun yangàn fún ẹni tó jókòó ti òun nínú ọkọ̀. Àánú rẹ̀ ń ṣe mí.

Bí ó ti wọ pálọ̀, bàbá mi dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í na ara sílẹ̀ fún un. Díákónì sáré di apá rẹ̀ mú kí àyà rẹ̀ tó kan ilẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ fẹ́ gégùn-ún fún mi ni?" Bàbá mi ò jẹ́ kó gbé òun dìde. Orí ìkúnlẹ̀ yẹn ló ti sọ gbogbo rẹ̀: yàrá, ilà, ìka, agolo. Nígbà tó débi agolo, Díákónì ti fi apá rẹ̀ sílẹ̀.

Ohùn Díákónì lọ sílẹ̀ nígbà tó sọ̀rọ̀.

"Ìyá kú, ẹ wá síbi òkú. Ẹ jókòó tì mí. Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe sọ ohun tí Ìyá bá àwọn èèyàn sọ gbẹ̀yìn, pé kí wọ́n má ti ilẹ̀kùn. Ẹ sì mọ̀."

"Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀, Ẹ̀gbọ́n."

Ó ṣí fìlà rẹ̀, ó gbé agolo náà sínú rẹ̀, ó gbá a mọ́ àyà. Kò jẹun. Kò mu omi. Mo tún gbé e padà sí Ojoo, mo sì sọ fún un lọ́nà bí bàbá mi ṣe máa ń kí àga náà láràárọ̀. Nígbà tí awakọ̀ béèrè iye èrò, ó ní méjì ni àwọn. Ó gbé fìlà náà sí ìjókòó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì ti fèrèsé kí atẹ́gùn má bàa fẹ́ sí i.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bàbá mi dé iwájú àga, ó dúró. Kò dọ̀bálẹ̀. "Wọ́n ti lọ," ó ní. Ó rò pé ara máa tu òun, èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Kàkà bẹ́ẹ̀, fóònù ló gbájú mọ́. Bí mo bá ti ti Ring Road dé, ìbéèrè kan náà ni: "Ó ti pè?" Mo pe Díákónì títí, kò gbé e. Bàbá mi fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n ti sin ín, àti bóyá ọ̀nà ilé ṣí sílẹ̀ fún òun. Ọ̀sán ọjọ́ kan ni mo bá a lórí àga ìrọ̀gbọ̀kú rẹ̀, fóònù wà lórí itan rẹ̀, ara rẹ̀ ti tutù. Ó kú láìgbọ́.

Díákónì gbé fóònù lọ́jọ́ náà. Ó ní kí a gbé ẹ̀gbọ́n òun bọ̀ wálé.

Àwọn ará ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn wá pẹ̀lú gáùn dúdú àti pupa, wọ́n ka gbogbo ohun tí bàbá mi ṣe láyé. Bọ́ọ̀sì wọn kún gbogbo iwájú ilé. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dé ẹ̀yìn agboolé, mo rí i pé ibi tí a ti yà sílẹ̀ fún bàbá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀ kọ́ ni wọ́n gbẹ́. Sàréè Ìyá Ẹnu-ọ̀nà wà níbẹ̀, sàréè kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí koríko ti ń hù lórí rẹ̀. Níbi ẹsẹ̀ àwọn méjèèjì, ní ìbú, ni wọ́n gbẹ́ ti bàbá mi sí.

Mo fa Díákónì sẹ́yìn. Inú ń bí mi. Mo ní, "Ìgbà wo lẹ sin wọ́n?"

"Ọjọ́ tí mo dé náà ni."

"Ọjọ́ náà! Bàbá mi kú lórí fóònù, ẹ sì ti sin wọ́n?"

Ó wo ọwọ́ rẹ̀. Ìka kékeré náà ká wọnú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. "Ojoojúmọ́ ni mò ń sọ pé màá pè é lọ́la," ó ní. Kì í ṣe ìka nìkan là ń jogún nílé wa.

Ọ̀jọ̀gbọ́n oníkùn sún mọ́ wa, ó rọra béèrè pé kí ló dé tí irú èèyàn ńlá yìí fi máa sùn síbi ẹsẹ̀ ẹlòmíràn. Èmi ni Díákónì kọjú sí. Ó ní, "Ṣebí ìwọ lo sọ fún mi pé ó máa ń kí wọn láàárọ̀? Ibẹ̀ ni kó ti máa kí wọn."

Mi ò mọ̀ bóyá ìdáríjì ni àbí ìjìyà. Mo dúró títí wọ́n fi bo ilẹ̀ náà tán, mò ń wo sàréè kékeré yẹn. Bí kì í bá ṣe Èrò Ìbàdàn ló wà níbẹ̀, á jẹ́ pé ọkọ ẹlòmíràn la sin ti Ìyá Ẹnu-ọ̀nà, àjèjì tí ìyàwó tirẹ̀ náà ń wo ojú ọ̀nà níbì kan ni bàbá mi ń dọ̀bálẹ̀ fún. Mo lè béèrè àyẹ̀wò náà. Èékánná kì í tètè jẹrà. Díákónì bi mí pé kí ni mò ń rò, mo ní kò sí nǹkan.